Bí Mo Ṣe Fẹsẹ̀ Rìn Láti Ìdó Dé Muṣin Tí Wọ́n Sọ Mí Di Wòlíì

Aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé ni bọ́ọ̀sì ìjọ wa gbéra tó fi mí sílẹ̀ ní Ìdó. Bí mo bá dàgbà tí eyín mi ká tán, mi ò rò pé màá gbàgbé Sátidé yẹn. Ó máa ń wá sí mi lọ́kàn níbi tí kò yẹ, pàápàá tí gbogbo èèyàn bá dijú tí wọ́n ń gbàdúrà. Èmi á wá fọwọ́ bo ẹnu bí ẹni tí ikọ́ ń yọ lẹ́nu, kí wọ́n má baà mọ̀ pé ẹ̀rín ni.

Kí ẹ tó lè mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́, mo ní láti sọ irú ẹni tí mo jẹ́ fún yín. Ẹ má bínú, mo máa ń ṣàlàyé ara mi jù. Bí wọ́n bá bi ẹlòmíràn pé, "Ṣé dáadáa lo wà?", á ní, "A dúpẹ́." Èmi á kọ́kọ́ ronú bóyá dáadáa ni mo wà lóòótọ́, lẹ́yìn náà màá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí mo ṣe wà láàárọ̀, bí ó ṣe yàtọ̀ sí bí mo ṣe wà lọ́sàn-án, àti ohun tí mo rò pé ó fà á. Kí n tó sọ ìdajì, ẹni tó kí mi ti lọ.

Nǹkan bí ọdún kan ṣáájú ọjọ́ yìí ni mo parí iṣẹ́ agùnbánirọ̀. Ẹ̀kọ́ nípa kòkòrò àìfojúrí ni mo kà ní yunifásítì. Iléeṣẹ́ kan ní Sùúrùlérè pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, mo sì ti kó gbogbo ìdáhùn sórí, títí kan àwọn ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni ò lè béèrè láyé. Àwọn mẹ́ta jókòó, mo jókòó níwájú wọn, obìnrin àárín rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Kí lorúkọ yín?"

Orúkọ mi sọnù. Mo wá a títí. Àyà mi ń lù kìkìkì. Nígbà tó yá, mo dìde, mo ní, "Ẹ ṣeun, mà," mo ṣí ilẹ̀kùn kan, mo bọ́ síbẹ̀, mo sì pa á dé. Ibi tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ àti korobá sí ni. Ojú tì mí láti tún jáde níwájú wọn, ni mo bá dúró sínú òkùnkùn níbẹ̀ títí ẹni tó fẹ́ nu ilẹ̀ fi wá ṣílẹ̀kùn, tó sì pariwo "Jésù!"

Láti ọjọ́ yẹn ni àyà mi ti ń já. Bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn, á já. Bí fóònù bá dún, á já. Dókítà yẹ̀ mí wò, ó ní kò sí ohun tó ṣe ọkàn mi, pé ìrònú ni. Ìyẹn wá tún fún mi ní ohun tuntun láti máa rò. Mo wá di ẹni tí kì í jáde nínú yàrá. Ìyá mi ń rán yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Muṣin, mo sì máa ń gbọ́ bí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe ń pariwo. Bí ẹ̀rọ náà bá dákẹ́ lójijì, mo mọ̀ pé ó ti wá dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn mi, ó ń fetí sílẹ̀ bóyá mò ń dá sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan mo gbọ́ tó ń sọ fún àbúrò rẹ̀ lórí fóònù pé, "Mi ò mọ̀ bóyá orí ọmọ yìí ṣì pé mọ́ o." Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Ohùn jẹ́jẹ́ yẹn ló dùn mí jù. Èmi gan-an náà kò sì lè búra fún un nígbà yẹn.

Ìjọ aláṣọ funfun kékeré kan ni ìjọ wa. Lọ́dọọdún ni wọ́n máa ń fẹsẹ̀ rìn láti Muṣin lọ sí orí òkè àdúrà kan nítòsí Ìjẹ̀bú, wọ́n á máa sùn ní ilé àwọn ará ìjọ lójú ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni tó bá wọ sùtánà ò gbọdọ̀ wọ bàtà. Òfin kan sì tún wà tí ìjọ mìíràn lè máà ní: a kì í bọ́ sùtánà náà tí a bá ń bọ̀ títí a ó fi dé ẹnu ọ̀nà ilé wa. Ará ilé ló máa fi omi fọ ẹsẹ̀ wa níbẹ̀, àwa náà á gbàdúrà fún ilé kí a tó wọlé. Wọ́n ní ẹnu ọ̀nà ilé ni ìrìn náà ti ń parí, pé orí òkè wulẹ̀ jẹ́ ìdajì ọ̀nà ni.

Ìyá mi ní, "Lọ bá wọn rìn." Mi ò rí àlàyé tí mo lè fi kọ̀, ni mo bá lọ.

Ọjọ́ kìíní, ẹsẹ̀ mi bó. Ọjọ́ kejì, mo ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ màmá àgbà kan tó ń sọ ìtàn gbogbo ewúrẹ́ tó ti sìn láyé rẹ̀, ewúrẹ́ kan lẹ́yìn òmíràn, mo sì ṣàdédé ṣàkíyèsí pé mò ń gbọ́ ohùn ẹyẹ. Mo ní, kí ló dé tí mo fi ń gbọ́ ẹyẹ? Ni mo bá mọ̀ pé àyà mi ló dákẹ́. Ó dákẹ́ bí ìgbà tí wọ́n bá pa jẹnẹrétọ̀ ilé kejì, téèyàn ò tiẹ̀ mọ̀ pé ariwo rẹ̀ ti ń yọ òun lẹ́nu látàárọ̀. Mo sunkún díẹ̀. Màmá náà rò pé nítorí ewúrẹ́ tó kú ni, ó sì fẹ́ràn mi gidigidi láti ìgbà náà.

Wàyí o, bọ́ọ̀sì la wọ̀ padà. Ìdó ló kọ́kọ́ gbà kó tó lọ sí Muṣin, torí pé àwọn àgbà ìjọ méjì ń gbé lágbègbè ibẹ̀. Bí mo ṣe gbọ́ òórùn omi ọ̀sà àti èéfín, tí mo sì rántí yàrá mi, ni àyà mi bá tún bẹ̀rẹ̀. Kì! Kì! Kì! Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo ní, àbí gbogbo rẹ̀ ti tán báyìí? Àbí orí òkè ni àlàáfíà náà ń gbé, tí kì í bá èèyàn wálé? Bí àwọn àgbà náà ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, èmi náà yọ́ sọ̀ kalẹ̀, mo ní kí n rìn díẹ̀. Mo rìn lọ síwájú, mo rìn padà, mo tún lọ. Àyà mi sì rọ̀. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rìn lọ síbi tó jìnnà díẹ̀. Nígbà tí mo yíjú padà, bọ́ọ̀sì ti lọ.

Ó gbé báàgì mi lọ. Bàtà kánfáàsì mi, fóònù mi àti owó ọkọ̀ mi wà nínú rẹ̀. Sùtánà ò sì lápò. Ẹnikẹ́ni nínú bọ́ọ̀sì ò mọ̀ pé mi ò sí níbẹ̀, ìyẹn ló máa jẹ́ kí ẹ mọ irú ìdákẹ́ tí mo máa ń dákẹ́ láàárín èrò. Ohun tí mi ò rò ni pé wọ́n máa gbé báàgì náà dé ọ̀dọ̀ ìyá mi, wọ́n á ní, "Ẹrù ọmọ yín rèé, mà," ìyá mi á sì wo ẹ̀yìn wọn, kò ní rí ọmọ.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sílé. Mo bá ara mi sọ ọ́ pé níwọ̀n ìgbà tí mi ò bá ti dúró, nǹkan kan ò ní ṣẹlẹ̀.

Mi ò tíì kọjá Òyìngbò tí mo fi gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi. "Wòlíì! Wòlíì Ọlọ́run, ẹ dúró!" Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo ń wá wòlíì náà. Ìyá kan ló ń bọ̀, ó fi ìborùn funfun bo orí dé èjìká, ó fi ọwọ́ méjèèjì di àkùkọ pupa kan mú mọ́ àyà. Alhaja ni.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Èmi kọ́ ni wòlíì o. Ìrìn àdúrà ni mo ti ń bọ̀. Mo kàwé nípa kòkòrò àìfojúrí ni."

"Mo mọ̀. Àwọn ti gidi kì í gbà pé àwọn ni."

"Mà, aláṣọ funfun ni mí."

"Èmi náà ò wọ dúdú. Ẹ gbàdúrà fún mi."

Mo dúró díẹ̀ láti ronú bí mo ṣe máa ṣàlàyé, àyà mi sì bẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, mi ò lè dúró. Ẹ jẹ́ ká jọ máa lọ, ká máa sọ ọ́ lọ."

Ó mi orí. "Ẹ̀mí ni ò jẹ́ kí ẹ dúró."

"Àyà mi ni, mà."

"Mo gbọ́." Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ fi hàn pé kò gbọ́.

Ni Alhaja bá ń sọ ẹjọ́ rẹ̀ bá a ṣe ń lọ. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ kì í gbé fóònù òun. Ó ti ṣe oṣù díẹ̀. Bí òun ṣe ń pè é tó, kì í gbé e. Ó dájú pé àwọn kan ti ba àárín àwọn jẹ́.

Mo ní, "Ìgbà wo lẹ máa ń pè é, mà?"

"Bí mo bá ti kírun àsùbáà tán. Lójoojúmọ́."

"Ìdájí yẹn? Mà, ó ṣeé ṣe kó ti máa múra ibi iṣẹ́, kó máa múra fún ọmọ. Ẹ gbìyànjú ìrọ̀lẹ́, tó bá ti dé láti ibi iṣẹ́."

Alhaja dì mí mú lápá. Ojú rẹ̀ là. "Ta ló sọ fún yín pé ó ń ṣiṣẹ́? Ta ló sọ fún yín pé ó lọ́mọ?"

Mo fẹ́ ṣàlàyé pé mo kàn méfò ni, àmọ́ ó ti gbé àkùkọ lé mi lọ́wọ́. "Sàárà ni. Láti àná ni mo ti ń wá ẹni tí màá fún. Ẹ̀yin ni Ọlọ́run darí rẹ̀ sí." Muṣin ni wọ́n bí mi sí. Kò sẹ́ni tó ní láti kọ́ mi pé èèyàn ò gbọdọ̀ dá sàárà padà. Mo gbá àkùkọ mọ́ra. Ó wò mí lójú bí ẹni pé òun nìkan ló mọ̀ pé mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe.

Mo rò pé Alhaja máa yà síbìkan. Kò yà.

Ní Yábàá, ọkùnrin kan ń tẹ́ ṣòkòtò jíńsì òkìríkà sílẹ̀. Bó ṣe rí sùtánà, àkùkọ àti Alhaja tó ń bá wa bọ̀, ó pa ṣòkòtò tì. Wálé lorúkọ rẹ̀, ó jù mí lọ dáadáa. Alhaja ló sọ fún un, láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́, pé, "Ó ń ríran o. Má dá a dúró, bá a rìn."

Wálé bá mi rìn. Ó sọ̀rọ̀ sí mi létí. "Wòlíì, ọmọbìnrin kan wà lọ́nà ibẹ̀ yẹn tó ń ṣe irun. Ṣé òun ni ìyàwó mi? Kí lẹ rí?"

Ẹ gbọ́ mi o. Èmi tí mo fi ọdún púpọ̀ kàwé nípa ohun tí ojú ò lè rí, wọ́n ń bi mí pé kí ni mo rí. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó mọ̀ pé ẹ nífẹ̀ẹ́ òun?"

"Rárá o! Mi ò tíì bá a sọ̀rọ̀ rí."

"Ó yẹ kẹ́ ẹ sọ fún un."

Wálé gbé ọwọ́ méjèèjì sórí. "Haa! Ó rí i! Ó rí i pé mi ò tíì sọ!" Ó ké sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kó bá òun wo ọjà, ó sì tẹ̀lé wa.

Ní Èkó, bí èèyàn bá ti rí àwọn mélòó kan tó ń tẹ̀lé ẹnì kan tọkàntọkàn, kì í dúró béèrè ìdí kó tó dara pọ̀. Nígbà tá a máa fi kọjá Tẹ́júoṣó, ẹ̀yìn mi ti kún. Bàbá kan tó wọ ṣòkòtò péńpé, tó ń ṣe eré ìmárale Sátidé rẹ̀, dara pọ̀ mọ́ wa. Ìyá kan pọn ọmọ. Ẹnì kan ti ń pàtẹ́wọ́.

Mo ní kò dáa, mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ fún wọn. Nígbà tí mi ò sì lè dúró, mo yíjú sí wọn, mo ń fi ẹ̀yìn rìn, àkùkọ wà ní abíyá mi, mo gbóhùn sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin èèyàn mi! Mi ò kì í ṣe wòlíì! Ẹ̀rù ló ń bà mí láti ọdún tó kọjá!"

"Kò ní bà yín mọ́!" ni wọ́n dáhùn.

"Mi ò kì í lè sùn lóru!"

"Ẹ ó sùn!"

"Mo kàwé, mi ò níṣẹ́, ojú ń tì mí láti jáde níwájú èèyàn!"

"Àmín! Ojú ò ní tì yín!"

"Ìyá mi rò pé orí mi ti ń dàrú!"

"Orí yín pé!" Alhaja ló pariwo ìyẹn ju gbogbo wọn lọ.

Mo fi ẹ̀yìn kọlu òpó iná. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n kò dùn mí tó bí ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀. Mi ò tíì sọ àwọn ọ̀rọ̀ yẹn síta rí, kì í ṣe fún dókítà, kì í ṣe fún ìyá mi. Èmi tí mo máa ń ṣàlàyé gbogbo nǹkan, mi ò tíì ṣàlàyé ìyẹn. Títì ni mo ti wá sọ ọ́, fún àwọn tí mi ò mọ̀ rí. Wọn ò sì sá. Wọ́n ń gbàdúrà fún mi. Mo yíjú síwájú kí wọ́n má baà rí omi ojú mi, mo ń bá ìrìn lọ.

Gbogbo nǹkan ì bá parí síbẹ̀ dáadáa tí kì í bá ṣe ti rélùwéè. Nítòsí Ìdí-Òro, níbi tí a ti fẹ́ kọjá lórí irin, ọkọ̀ ojú irin ń bọ̀. Ọkùnrin tó ń dá èèyàn dúró na àsíá pupa síta. Gbogbo èèyàn dúró. Èmi ò lè dúró. Kí ni màá ṣe? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yípo. Mo rìn lọ, mo ṣẹ́rí, mo rìn bọ̀, bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó jábọ́. Ìgbà tí mo máa yíjú, Alhaja ń yípo lẹ́yìn mi. Wálé ń yípo. Bàbá ṣòkòtò péńpé ń yípo, ó ń ju ọwọ́ sọ́tùn-ún sósì. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ orin. Àwọn tó ń dúró kí ọkọ̀ ojú irin kọjá, tí wọn ò mọ̀ wá rí, náà wọnú àgbo, torí kò sí ẹni tó fẹ́ kí ìbùkún ré òun kọjá. Àkùkọ kọ. Wọ́n hó yèè! Ọkọ̀ ojú irin ti kọjá lọ tipẹ́, ọkùnrin alásíá náà ti ká àsíá rẹ̀, a ṣì ń yípo, nítorí èmi ń dúró kí wọ́n kọ́kọ́ lọ, àwọn náà ń dúró dè mí.

Nígbà yẹn ni ará àdúgbò wa kan rí mi. Mi ò tíì mọ ẹni náà títí dòní, àmọ́ mo mọ ohun tó sọ fún ìyá mi lórí fóònù, torí ìyá mi ti tún un sọ fún gbogbo ẹbí. Ó ní, "Ìyá aránṣọ, ẹ yáa máa bọ̀ nídìí rélùwéè. Ọmọ yín ò wọ bàtà. Ó gbé àkùkọ. Ó ń yípo."

Ẹ bá mi ro bó ṣe máa rí létí ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba báàgì láìrí ọmọ.

Mo gbọ́ igbe rẹ̀ kí n tó rí i. "Yéè! Ọmọ mi ti lọ! Wọ́n ti gba ọmọ mi lọ́wọ́ mi o!" Ó ń sáré bọ̀, ó ti ró ìró sódì, téèpù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó di bàtà kánfáàsì mi kan mú lọ́wọ́ bí ẹni tó fẹ́ fi lu ẹnì kan.

Wálé ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, màmá wòlíì."

"Wòlíì wo? Baba ńlá wòlíì! Ọmọ mi tó kàwé ni! Kí lẹ fún un jẹ?"

"Ṣọ́ra, arábìnrin mi," ni Alhaja wí. "Ẹni Ọlọ́run lo bí."

"Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, mo mọ ohun tí mo bí!"

Ó dé iwájú mi, ó sì gbá mi mú ní èjìká méjèèjì. Bí eré tó sá ṣe rẹ̀ ẹ́ tó, agbára ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò lè rìn mọ́. Ìyá mi ga jù mí lọ nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Lọ́jọ́ yẹn ó ní láti gbé ojú sókè kó tó rí tèmi, ojú rẹ̀ sì pọ́n. Gbogbo àwọn èèyàn yí wa ká.

Ó ní, "Wò mí. Kí lorúkọ rẹ?"

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ láti òkè, ẹ mọ ohun tí ìbéèrè yẹn jẹ́ fún mi. Mo tún dúró síwájú èèyàn, wọ́n tún ń wò mí, mi ò sì lè rìn. Àyà mi bẹ̀rẹ̀. Kì! Kì! Kì! Mo rò pé ó ti tán. Mo tiẹ̀ bojú wo ẹ̀gbẹ́ bóyá mo máa rí ilẹ̀kùn kan tí mo lè wọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ilẹ̀kùn létí rélùwéè, ìyá mi sì ń dúró, ohun tó ń bẹ̀rù láti ọdún kan ló wà lójú rẹ̀ yẹn. Mo la ẹnu.

Orúkọ mi jáde. Mo pe èyí tí wọ́n sọ mí ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo pe ti ilé, mo pe oríkì mi, mo pe orúkọ bàbá mi, mo sì fi orúkọ ìdílé wa ní Iléṣà kún un. Àyà mi ṣì ń já o, ẹ má rò pé ó dákẹ́. Ó ń já, orúkọ mi sì ń jáde. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé nǹkan méjèèjì lè ṣẹlẹ̀ pọ̀.

"Ọjọ́ wo lòní?"

"Sátidé ni, Mọ́mì."

"Èéṣe tóo fi gbé àkùkọ?"

"Sàárà ni. Ìyàwó ọmọ Alhaja ni kì í gbé fóònù."

Ó wo Alhaja. Alhaja mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó gbé orí lé mi láyà, àkùkọ sì há sáàárín wa. Mo sọ fún un jẹ́jẹ́ pé, "Mọ́mì, tí mo bá ń rìn, ara mi máa ń balẹ̀. Ìdí nìyẹn. Kò sí ohun mìíràn."

Ó nu imú. Ó ní, "Kí ló dé tóò sọ fún mi láti ọjọ́ yìí?"

"Mo rò pé ẹ máa rò pé orí mi ti dàrú."

"Mo kúkú rò bẹ́ẹ̀." Ó gba àkùkọ lọ́wọ́ mi, ó gbé e sí abíyá tirẹ̀. "Ó yá, máa rìn. A jọ ń lọ."

Gbogbo wọn ló sìn wá délé. Ìyá mi gbé omi wá sẹ́nu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀, ó fọ ẹsẹ̀ mi. Ẹsẹ̀ náà kò ṣeé wò. Bó ṣe kan egbò kọ̀ọ̀kan ló ń ní "pẹ̀lẹ́", ó wá sọ láìgbójú sókè pé, "Láti ìgbà tí bàbá ẹ ti kú, àyà tèmi náà máa ń já tílẹ̀ bá ti ṣú. Ìdí tí mo fi máa ń rán aṣọ di òru nìyẹn. Mo rò pé ariwo ẹ̀rọ ni ò jẹ́ kó o sùn, mi ò fẹ́ sọ." Mi ò mọ̀ rárá. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wa ní gbogbo ọdún yẹn, ẹ̀rù ń ba èmi níhìn-ín, ẹ̀rù ń ba òun lọ́hùn-ún.

Ó kan àdúrà ilé. Gbogbo àwọn èèyàn tẹ orí ba, wọ́n ń retí ohun ńlá. Gbogbo ohun tí mo rí sọ ni, "Ọlọ́run, ẹ ṣé. Ẹ ṣé. Ẹ ṣé gan-an." Wálé ní òun ò gbọ́ àdúrà tó jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí.

A ò pa àkùkọ náà. Ní ìdájí ọjọ́ kejì ló kọ lẹ́yìn fèrèsé mi, mo sì gbọ́ tí ìyá mi kan ilẹ̀kùn. Àyà mi já. Mo ṣí i. Ó ti wọ bàtà kánfáàsì àtijọ́ kan tí mi ò mọ̀ pé ó ní. Ó ní, "Ṣé a ò ní rìn ni?" A rìn dé Ìdí-Òro, a sì bá Alhaja níbẹ̀, ó ń dúró dè wá, ó ní òun mọ̀ pé wòlíì ò lè jókòó sílé. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ti gbé fóònù, ní ìrọ̀lẹ́ àná. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Wálé dé, bàbá ṣòkòtò péńpé dé. Láti ìgbà náà la ti ń rìn láàárọ̀. Ìyá mi ń sùn. Èmi náà ti ń jáde. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ kan ní ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì nílé wọn, mo sì ti lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò mìíràn. Wọn ò gbà mí, ṣùgbọ́n mo sọ orúkọ mi, ilẹ̀kùn tó yẹ ni mo sì gbà jáde.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kéèyàn má ṣe bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Mo tún kọ́ pé àlàáfíà tí mo rò pé mo fi sílẹ̀ lórí òkè, ẹsẹ̀ mi ló gbé e wálé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n rò pé mo ń ríran, tí wọ́n sì tìtorí bẹ́ẹ̀ rí mi.

Wàhálà kan ṣoṣo ló kù, òun ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí. Mo ti sọ fún wọn ní àìmọye ìgbà pé mi ò kì í ṣe wòlíì, Alhaja sì máa ń sọ fún àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé pé, "Ẹ ẹ̀ rí i? Kì í gbéra ga." Ọmọbìnrin tó ń ṣe irun ti gbà láti fẹ́ Wálé, èmi ni Wálé sì fẹ́ kó wá súre fún wọn lọ́jọ́ ìgbéyàwó, pẹ̀lú sùtánà, láìwọ bàtà, kí n sì gbé àkùkọ dání. Ìyá mi ní òun á rán sùtánà tuntun. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, tí mo bá kọ̀, ó lè bà wọ́n nínú jẹ́. Tí mo bá lọ, ṣé mi ò ní parọ́ báyìí? Bí ẹ bá sì ní kí n lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ro ọ̀kan sí i: tí wọ́n bá ní kí wòlíì dúró síwájú àwọn àlejò, ṣé mo lè máa yípo?